Oògùn Wárápá: Ìṣọ́ra Tí Ó Yẹ Kí Á Máa Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a pín fún mi láti sọ kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lórí oògùn wárápá àti ìṣọ́ra tí ó yẹ kí ẹni tí ó ń lò ó máa ṣe. N kò wá síhìn-ín láti kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ dókítà tí ó yẹ aláìsàn wò ni ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n ṣàlàyé bí oògùn tí dókítà ti kọ yóò ṣe ṣe ẹni tí ó ń lò ó lóore, tí kò sì ní pa á lára.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á ya ohun méjì sọ́tọ̀. Yorùbá mọ gìrì, wọ́n sì mọ wárápá. Gìrì ni èyí tí ó máa ń mú ọmọdé nígbà tí ibà bá mú kí ara rẹ̀ gbóná janjan. Púpọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni gìrì kì í mú mọ́ bí wọ́n bá ti dàgbà kọjá ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Wárápá ní tirẹ̀ jẹ́ àìsàn tí ó máa ń padà wá, ibà ìbáà wà, ibà ìbáà má sí. Nínú ọpọlọ ènìyàn, àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín a máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ara wọn bí ìgbà tí iná mànàmáná bá ń gba inú wáyà kọjá. Bí iṣẹ́ náà bá ń lọ létòlétò, ara a balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ṣàdédé tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdàrúdàpọ̀ a dé. Ẹlòmíràn yóò ṣubú, ara rẹ̀ yóò le gan-an, yóò sì máa gbọ̀n. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ kì í ṣubú rárá. Yóò kàn ranjú mọ́ ọ̀kánkán fún ìgbà díẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ á sì máa rò pé ọkàn ọmọ náà kò sí nínú ẹ̀kọ́ ni.

Ohun tí ó lè fa èyí pọ̀. Ó lè jẹ́ ìpalára nígbà ìrọbí, ó lè jẹ́ pé ènìyàn fi orí gbá nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ó lè jẹ́ àrùn yírùnyírùn tàbí ibà tí ó wọ ọpọlọ, ó sì lè má sí ìdí kan pàtó tí a lè tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tí ó ń gbé inú itọ́. Wárápá kì í ràn. Ẹni tí ó gbá aláìsàn mú, tí itọ́ rẹ̀ ta sí i lára, kò lè tipa bẹ́ẹ̀ kó o.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní wárápá káàkiri ayé. Àwa náà ní àkọsílẹ̀ tiwa. Ní ọdún 1987 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ògbóǹtarìgì oníṣègùn ọpọlọ ní Ilé-Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ìlú Ìgbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Nínú àwọn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19,000 tí wọ́n yẹ̀ wò, ènìyàn bíi 5 nínú 1,000 ni ó ní wárápá. Ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó ṣe ìṣirò rẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ 1,000 bá wà, kò níí ṣe aláìní àwọn mélòó kan, yálà olùkọ́ mọ̀ wọ́n tàbí kò mọ̀ wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà sọ pé bí a bá mọ àìsàn náà bí ó ti yẹ, tí a sì tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ, nǹkan bí 70 nínú 100 àwọn tí ó ní in ni ó lè wà láìsí pé ó ń gbé wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ ìrètí ni èyí. Ṣùgbọ́n inú gbólóhùn "bí ó ti yẹ" yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo oògùn náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe oògùn kan ṣoṣo. Ní ọdún 1912 ni dókítà ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Alfred Hauptmann fi hàn pé phenobarbital, tí a ti ń lò fún oorun tẹ́lẹ̀, lè dá wárápá dúró. Ní ọdún 1938 ni Merritt àti Putnam ní Amẹ́ríkà fi phenytoin lélẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni carbamazepine àti sodium valproate dé, lẹ́yìn tiwọn sì ni àwọn tuntun bíi lamotrigine àti levetiracetam. Phenobarbital tí ó dàgbà jù nínú wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ síra, àmọ́ ohun kan pa wọ́n pọ̀: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń fa gbòǹgbò wárápá tu bí oògùn ibà ti ń pa kòkòrò ibà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń tu ọpọlọ lójú kí iná má baà ràn.

Ẹ fi oògùn yìí wé ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé lóru. Bí ọdẹ bá ṣọ́ ilé fún ọdún kan tí olè kò wá, èyí kò fi hàn pé olè ti tán nílùú. Ọdẹ ni olè rí tí kò fi yà. Onílé tí ó bá wí pé, "Olè kò wá mọ́, kí ni mo ń sanwó ọdẹ sí?", tí ó sì lé ọdẹ lọ, òun gan-an ni ó ṣílẹ̀kùn fún olè. Gbogbo ìṣọ́ra tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ lálẹ́ òní, orí òye yìí ni ó dúró lé.

Ìṣọ́ra kìn-ín-ní ni pé kí ènìyàn má ṣe dá oògùn dúró lójijì. Ẹ jẹ́ kí á ro akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Oṣù mẹ́jọ nìyí tí wárápá kò ti gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ti sàn. Oògùn ń mú oorun kùn ún nígbà ẹ̀kọ́, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé oògùn kí ni ó ń lò láràárọ̀. Ó kó ìgò náà sísàlẹ̀ àpótí. Ọjọ́ kìn-ín-ní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá, ara rẹ̀ yá gágá, ó sì gbà pé ọgbọ́n ni òun gbọ́n. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìyókù oògùn tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbèjà rẹ̀, ó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tán, wárápá lè padà pẹ̀lú agbára tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó tilẹ̀ lè máa gbé e léraléra láìjẹ́ kí ó jí lágbedeméjì. Èyí ni àwọn dókítà ń bẹ̀rù jù, nítorí ó lè ba ọpọlọ jẹ́, ó sì lè pa ènìyàn.

Bí àkókò bá tó láti dín oògùn kù, dókítà ni yóò sọ. Ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wárápá kò ti gbé aláìsàn. A ó sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ àti oṣù, a kì í já a bí ẹni já okùn. Àwọn kan sì wà tí wọn yóò máa lò ó títí ayé, bí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń lo tirẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ènìyàn bá gbàgbé láti lo oògùn ńkọ́? Bí ó bá rántí láìpẹ́, kí ó lò ó. Bí àkókò èyí tí ó kàn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, kí ó fi èyí tí ó gbàgbé sílẹ̀, kí ó lo èyí tí ó kàn nìkan. Kò gbọdọ̀ lo méjì pọ̀ láti fi san gbèsè. Ìgbàgbé ní oògùn tirẹ̀: kí á so oògùn lílò mọ́ ohun tí a kì í gbàgbé, bíi fífọ ẹnu láàárọ̀ tàbí àdúrà alẹ́. Bákan náà, kí á ra òmíràn nígbà tí ó bá ṣì ku ti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá dúró dìgbà tí ó bá ku hóró kan lè bá kẹ́mísì ní títì, tàbí kí owó má sí lọ́wọ́.

Ìṣọ́ra kejì ni ti ìwọ̀n. Oògùn wárápá kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú wọ̀n. Ẹ wo phenytoin. Ara a máa rí i lò dé ìwọ̀n kan. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, ṣe ni ó dà bí ife omi tí ó kún dé etí, ẹ̀kán kan péré tó láti mú un ṣàn sílẹ̀. Àfikún kékeré lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ yá di ẹni tí ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, tí ń rí ohun kan ṣoṣo bí méjì, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí àwọn apoògùn kì í gbàgbé. Ní nǹkan bí ọdún 1968, ní ìlú Brisbane ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń lo phenytoin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn bí ẹni tí ó lo àlòjù. Wọn kò fi hóró kan kún èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé phenytoin inú hóró náà kò yí padà. Ẹ̀tù lásán tí a fi ń kún inú rẹ̀ kí ó lè tóbi tó ohun tí ọwọ́ ń mú ni a pààrọ̀. Ìpààrọ̀ yìí jẹ́ kí ara máa gba phenytoin náà wọlé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé, bí oògùn kan bá ti bá aláìsàn lára mu, kí ó má ṣe fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nítorí pé èyí sọ̀ ju ìyẹn lọ, bí orúkọ inú wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, àfi bí dókítà tàbí apoògùn bá mọ̀ sí i, tí ó sì ń ṣọ́ ọ.

Ti oògùn olómi tún wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Bí a bá kọ ọ́ sára ìgò pé kí á mì ín, kí á mì ín dáadáa, nítorí oògùn lè sùn sísàlẹ̀. Ẹni tí kò mì ín yóò fún ọmọ ní omi lásán ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yóò sì fún un ní àlòjù nígbà tí ìgò bá ń tán lọ. Ohun ìwọn tí ó bá ìgò wá ni kí á lò, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀, nítorí ṣíbí ilé kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ilé kejì. Ẹ ra oògùn níbi tí apoògùn gidi wà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Èyí tí a ń tà nínú ọkọ̀ èrò àti lábẹ́ oòrùn ọjà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń tà á.

Ìṣọ́ra kẹta ni ti àdàpọ̀. Ọtí ni mo fi ṣáájú. Ọtí àti oògùn wárápá a máa kún ara wọn lọ́wọ́ láti sọ ọpọlọ di aláìmọ ohun tí ó ń ṣe, èémí sì lè dín kù. Bí ọtí bá sì ti ń dá lójú, òun fúnra rẹ̀ lè pe wárápá. Tramadol, tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbé mì bí ẹni jẹ ẹ̀pà, a máa fa wárápá fún ẹni tí kò ní in rí, ká má tíì sọ ẹni tí ó ní in. Oògùn ibà tí ń jẹ́ mefloquine náà kò yẹ ẹni tí ó ní wárápá. Nínú oògùn ikọ́ ife, rifampicin a máa tètè lé phenytoin jáde kúrò lára, isoniazid a sì máa dá a dúró pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà, ibi yòówù tí ènìyàn bá ti fẹ́ gba oògùn, ìbáà ṣe ti orí fífọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni kí ó jẹ́, "Mo ń lo oògùn wárápá, orúkọ rẹ̀ nìyí."

N kò níí fo ọ̀rọ̀ àgbo dá. Ọ̀pọ̀ ewé àti egbò ilẹ̀ wa ni ó wúlò, n kò sì wá bẹnu àtẹ́ lu àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lé lórí, èyí ni ìtọ̀ màlúù tí a fi ewé tábà àti àlùbọ́sà sí, tí a ń fún ọmọ tí gìrì mú. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti ṣèwádìí rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dín èémí kù; májèlé inú ewé tábà sì wà nínú rẹ̀. Ọpọlọ kò sì lè gbé láìsí ṣúgà àti èémí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí à bá gbé lọ sí ilé-ìwòsàn ni àgbo yìí ti sọ di aláàbọ̀ ara tàbí tí ó ti gbẹ̀mí wọn. Ìyá tí ó fún un lọ́mọ kò fẹ́ pa ọmọ. Ìfẹ́ ni ó ṣe é. Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún un nìyẹn.

Ìṣọ́ra kẹrin ni kí á mọ àmì tí ara ń fi kìlọ̀. Oorun díẹ̀ àti òòyì díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ó sábà máa ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá sú sí ènìyàn lára láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ carbamazepine, phenytoin, phenobarbital tàbí lamotrigine, pàápàá bí ibà bá bá a wá, tí ojú pọ́n, tí egbò yọ lẹ́nu, kí ó má ṣe sùn lé e lórí. Ilé-ìwòsàn ni kí ó lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí awọ ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí ti ẹni tí iná jó. Bí ojú bá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òdòdó ìyeyè, tí èébì kò dá, ẹ̀dọ̀ ni ó ń ké. Phenytoin a máa mú kí ẹran tí ó yí ìdí eyín ká wú; kí ẹni tí ń lò ó máa fọ ẹnu rẹ̀ tọ̀sán tòru. Bí ọkàn ẹni náà bá ṣókùnkùn, tí ó ń sọ̀rọ̀ pé ayé sú òun, kí á má ṣe bá a wí pé ìwà rẹ̀ ni. Kí á mú un padà lọ bá dókítà, nítorí oògùn náà lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ìṣọ́ra karùn-ún kan ẹ̀yin obìnrin. Carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital a máa ba iṣẹ́ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́, ti hóró tí à ń gbé mì àti ti èyí tí à ń tẹ̀ sábẹ́ awọ apá. Oyún tí a kò ròtẹ́lẹ̀ lè tibẹ̀ wá. Nínú gbogbo oògùn wárápá, sodium valproate ni ó léwu jù fún ọmọ inú oyún: nǹkan bí ọmọ 1 nínú 10 tí ìyá wọn lò ó ni a ń bí pẹ̀lú àbùkù ara, nǹkan bí 3 sí 4 nínú 10 sì ni ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ sísọ lè ṣòro fún. Nítorí èyí ni ilẹ̀ Bìrìtìkó fi ṣòfin líle ní ọdún 2018 lórí fífún obìnrin tí ó lè lóyún ní oògùn náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí a kọ ọ́ fún ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá òmíràn wà. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: obìnrin tí ó bá rí i pé òun ti lóyún kò gbọdọ̀ da oògùn nù nílé. Wárápá tí ó gbé aboyún ṣubú lè pa ìyá, ó sì lè pa ọmọ. Kí ó máa lo oògùn náà lọ, kí ó sì sáré lọ bá dókítà. Ohun tí ó dára jù ni kí ètò ti wà kí oyún tó dé, kí ó sì ti máa lo folic acid bí dókítà bá ti là á sílẹ̀.

Ìṣọ́ra kẹfà ni ti ìgbé-ayé ojoojúmọ́, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jù. Àìsùn a máa pe wárápá. Ẹni tí ó ń fi gbogbo òru kàwé nítorí ìdánwò, tàbí tí ó ń ṣe àìsùn àdúrà léraléra, ń ba iṣẹ́ oògùn rẹ̀ jẹ́. Ní ti ààwẹ̀, kí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì bá dókítà sọ̀rọ̀ kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé, kí á lè mọ̀ bóyá a lè tún àkókò oògùn tò. Ẹ̀sìn méjèèjì ni ó yọ̀ǹda fún aláìsàn. Títí dókítà yóò fi sọ pé ó tó, kí ó má wa ọkọ̀, kí ó má gun alùpùpù. Kí ó má lúwẹ̀ẹ́ nínú odò ní òun nìkan, kí ó má sì dá fa omi nínú kànga tí kò ní ìdérí. Bí ó bá ń dáná, ààrò tí a fi amọ̀ mọ yíká sàn ju iná gbangba lọ.

Bí wárápá bá sì gbé ènìyàn lójú wa, ohun tí a ó ṣe kò le. Kí á gbé ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, kí á fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí á tú ọrùn aṣọ rẹ̀, kí á wo aago. Bí gbígbọ̀n náà bá rọlẹ̀, kí á dá a ní ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Kí á má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí á má fún un ní omi tàbí oògùn mu, kí á má sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná, nítorí wárápá kò mọ iná, ẹsẹ̀ ni yóò jó. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn tún tẹ̀lé e kí ó tó jí, ó di ti ilé-ìwòsàn kíákíá.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kó ìgò oògùn sísàlẹ̀ àpótí. Kí ni ó lé e débẹ̀? Ojú àwọn ènìyàn ni. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá mọ̀, wọn yóò ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, wọn yóò ṣí kúrò ní yàrá rẹ̀; bóyá ilé-ẹ̀kọ́ yóò tilẹ̀ ní kí ó lọ máa gbélé. Ìtìjú yìí ni ó ń gba oògùn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí a bá wá bá a lójú oorun láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò jí mọ́, nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀ wà fún ẹni tí wárápá rẹ̀ kò sí ní ìkáwọ́, a ó máa sọ pé àìsàn ni ó pa á. Kò níí jẹ́ òtítọ́ tán.

Nítorí náà, ìṣọ́ra tí ó kẹ́yìn kò sí lọ́wọ́ aláìsàn nìkan. Ọwọ́ wa ni ó wà. Ẹ̀yin olùkọ́, bí òbí kan bá wá sọ fún yín ní kọ̀rọ̀ pé ọmọ òun ń lo oògùn wárápá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, ẹ sì mọ àkókò oògùn ọmọ náà. Bí ó bá ń tòògbé ní kíláàsì, ẹ má nà án. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kí òbí lè fi han dókítà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹni tí ẹ jọ ń gbé bá lè gbé ìgò oògùn rẹ̀ sórí tábìlì láìbẹ̀rù ojú yín, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ dókítà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Olóòtú ètò, mo ti sọ tèmi. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ìbéèrè, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ àgbo, mo sì ti ṣetán láti gbọ́ wọn.